Ba Tó Kù Lẹ́nu Ràsákì

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, mà á ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin náà á sì bá mi ṣìnà.

Mo ń dín gààrí lẹ́yìnkùlé wa ní Lagbé, létí ẹnubodè. Agbada ti gbóná, èéfín ti kún ojú mi, ni takisí kan bá yà wọnú agbo ilé. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní ṣé ibí ni ilé àwọn Ràsákì. Mo ní ibí ni. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Wọ́n fi aṣọ dè é mọ́ àga kó má baà ṣubú. Ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Ó wò mí. Ó mọ̀ mí, mo rí i lójú ẹ̀ pé ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ba."

Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ń wò. Mo wo inú takisí yẹn látòkè délẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo wo abẹ́ àga pàápàá, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ni mo ń wá. Òun ló mú un lọ, ó yẹ kó jẹ́ òun ló máa mú un bọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi báàgì kékeré kan.

Nàfísátù lorúkọ ọmọ mi. Nàfí la ń pè é. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Ràsákì mú un lọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà yẹn. Bàbá ẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn lápá Sakété, kì í yà sọ́dọ̀ wa mọ́, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ bùkátà. Ràsákì ní òun mọ ìyá kan níbi tí òun ti ń ṣòwò, ó ń ránṣọ, kò bí obìnrin, ó máa kọ́ Nàfí níṣẹ́ bí ọmọ inú ẹ̀. Bon, lọ́dọ̀ tiwa níbí, kéèyàn fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí kì í ṣe nǹkan tuntun. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Daagbé ni mo dàgbà sí. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé dé CE2, kíláàsì kẹrin, tí mo fi dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń mú ọmọ lọ, kì í ṣe àlejò.

Ẹ óò wá bi mí pé níbo ló mú un lọ. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí. Mi ò mọ̀.

Ẹ dúró, kẹ́ ẹ tó bú mi. Nílé tiwa, a kì í bi ẹni tó ń jáde lọ sí ìrìn àjò pé níbo ló ń lọ. Èèwọ̀ ni. Àwọn bàbá wa ti ń ru ẹrù gba ẹnubodè yìí kọjá tipẹ́tipẹ́. Tẹ́nì kan bá pariwo níbo lójúde, àwọn douane, àwọn aṣọ́bodè, á gbọ́, olè náà á gbọ́, ẹrù lọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe fi kọ́ra wọn láti panu mọ́ nìyẹn, títí ó fi di ohun tí wọ́n ń fi bú èèyàn: wọ́n á ní ẹni tó bá bi arìnrìn-àjò pé níbo, òun ló dí ọ̀nà mọ́ ọn. O máa bu omi wọ́n ẹnu ọ̀nà, o máa ní ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire, ó parí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Nàfí ń lọ, mo di irun ẹ̀, mo fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, ìbéèrè yẹn wà lẹ́nu mi bí ẹyin gbígbóná. Mo gbé e mì. Mo rò pé tí mo bá gbé e mì, ọmọ mi ni mò ń ṣọ́.

Ràsákì máa ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tòní nọ́ńbà yìí, tọ̀la nọ́ńbà mìíràn. Ìgbà kan mo bi í lórí fóònù. Ó bínú sí mi, ó ní ṣé mo fẹ́ kí ọ̀nà òun dí ni, ó ní tó bá di ọdún Iléyá òun máa mú un wá kí n fojú ara mi rí i. Ìgbà mìíràn ó gbé fóònù fún Nàfí. Nàfí ní, "Màmá, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ran ọrùn aṣọ." Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́nì kan ti pè é lẹ́yìn, ní èdè tí mi ò gbọ́ rí. Ó dá onítọ̀hún lóhùn kíákíá ní èdè kan náà. Ẹ wá wo bí mo ṣe gọ̀ tó. Inú mi dùn. Mo lọ ń sọ fáwọn tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ pé ọmọ mi ti ń gbọ́ èdè àwọn èèyàn.

Bon, ẹ jẹ́ ká padà sídìí takisí yẹn. Mo bi awakọ̀ pé níbo ló ti rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ní gáréèjì Àjàṣẹ́, pé awakọ̀ kan tó ti Cotonou bọ̀ ló fà á lé òun lọ́wọ́, pé wọ́n ti sanwó ẹ̀. Ẹni tó ti Cotonou bọ̀ ńkọ́? Ó ní ẹlòmíràn ló fà á lé ìyẹn náà lọ́wọ́. Wọ́n kàn ń gbé e lé ara wọn lọ́wọ́ bí ife omi. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ọ̀gbẹ́ni yìí, níbo ló ti ń bọ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni gbogbo wọn, èèwọ̀ yẹn mú àwọn náà.

A tú báàgì ẹ̀. Ẹ̀wù méjì, tẹ̀sùbáà, oògùn tí wọ́n ti lò dé ìdajì, fóònù tí ojú ẹ̀ ti fọ́, kò sí káàdì nínú ẹ̀. Kò sí ìwé kankan.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní AVC ni, pé ẹ̀jẹ̀ ló ti dí nínú ọpọlọ. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Ìyàwó ẹ̀, Rachidatou, tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un, èmi àti ẹ̀ la jọ ń wẹ̀ ẹ́, tá a jọ ń fún un ní kókó. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ba. Ó máa ń wò mí lójú, ó máa ń na ọwọ́ òsì tó ṣì ń gbéra, ó máa ní ba, ba, ba, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gígùn. Á dákẹ́, á máa wò mí bóyá mo ti gbọ́.

Àwọn àgbà ilé ní bàbá wa tó ti kú ló ń pè. Wọ́n ní ẹ fi í sílẹ̀, ó ti rí àwọn ará ọ̀run. Mi ò fara mọ́ ọn. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó pẹ́ nílẹ̀ kan, èdè ilẹ̀ yẹn á wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo ní tí mo bá lè mọ àwọn tó ni ba, mà á mọ ilẹ̀ tó ti ń bọ̀. Tí mo bá mọ ilẹ̀ tó ti ń bọ̀, mo mọ ibi tí Nàfí wà. Ṣé ẹ rí i pé ó mọ́gbọ́n wá? Nígbà yẹn, ó mọ́gbọ́n wá gan-an ni.

Mo gbé fóònù mi sún mọ́ ẹnu ẹ̀, mo gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Mo wá ń fi vocal yẹn ránṣẹ́ káàkiri, sí gbogbo ẹni tí mo ní nọ́ńbà ẹ̀, tí mo sì ń sọ sí i lẹ́yìn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní èdè tiyín kí ló jẹ́.

Àwọn tiwa ló kọ́kọ́ dáhùn, wọ́n sì da orí mi rú. Ọ̀kan ní bóyá ó fẹ́ sọ pé òun bá nǹkan níbì kan ni. Ọ̀kan ní ká má gbàgbé pé tí èèyàn bá sá pamọ́ sínú igbó, a máa ń sọ pé ó ba. Ọ̀kan tiẹ̀ ní bí ẹyẹ bá sọ̀ sórí igi, ó bà ni. Rachidatou gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní, "Ìyá Nàfí, tó bá jẹ́ Yorùbá ló ń sọ, kí ló dé tí kò parí ẹ̀?"

Lẹ́yìn náà ni Marie dé. Marie ni nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo tension ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe ń ru, ọmọ Fọ̀n ni, láti Bohicon. Ó ń so rọ́bà mọ́ apá ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ nígbà tí mo bi í, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ní èdè tàwọn, ba ni kéèyàn máa wá nǹkan. Bí nǹkan bá sọnù tó ò ń wá a, ba lò ń ṣe yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kéèyàn máa wá nǹkan tó sọnù. Mo di ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi mú, mo ní Ẹ̀gbọ́n, mò ń wá a, mo ti ń wá a, ẹ sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní ba. Mo sunkún, òun náà sunkún, Marie tú rọ́bà ẹ̀, ó ní tension ti ga, ká fi í sílẹ̀ kó sinmi.

Mi ò sinmi ní tèmi. Mo gun zém, ọ̀kadà, lọ sí Ìgòlò lọ́dọ̀ Gàmbàrí tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́nubodè. Mo gbé fóònù sí i létí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí kò le rárá. Ó ní ní Haúsá, tí nǹkan ò bá sí, ba ni. Omi ò sí, ba ruwa. Ó tún ń wá àpẹẹrẹ mìíràn nígbà tó wo ojú mi. Ó bu àlùbọ́sà mẹ́ta sínú ọ̀rá fún mi, kò gbowó. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, mò ń sọ fún ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi ò dé ilẹ̀ Haúsá rí, kò lè jẹ́ tiwọn. Èyí tí mi ò fẹ́, mo máa ń rí ẹ̀rí láti fi lé e lọ.

Géraud ni olùkọ́ tó háyà yàrá nínú ilé wa. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Òun ló bá mi kọ gbogbo ẹ̀ sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé ẹ̀, èdè báyìí, ìtumọ̀ báyìí. Ó ní ní Faransé, bas, tí wọ́n ń pè ní ba, ni ìsàlẹ̀, là-bas ni ọ̀hún yẹn. Mo ní ọ̀hún níbo? Ó ní ọ̀hún ṣáá ni, Ìyá Nàfí, ibi tí kì í ṣe ibí. Ó ní àwọn Faransé gan-an, ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ kan ni wọ́n ti gbà á, tí wọ́n ń sọ èdè Látìnì, pé àwọn yẹn ń pè é ní bassus, àwọn tó ń sọ ọ́ ti kú tán. Ó wá sọ nǹkan kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrú báyìí, gbogbo ayé ló ni ín. Ó ní ibi yòówù tí wọ́n bí ọmọ sí, Lagbé ni o, China ni o, kí ọmọ náà tó mọ ọ̀rọ̀ kankan, ètè ẹ̀ á pàdé, á sì ní ba. Ó ní kò ní ìlú. Mo ní kó ṣáà máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó wá pa mí ni Moubarak. Ẹ má gbọ́ ọ ní bùrúkú o, ọmọ dáadáa ni. Ọmọ àdúgbò wa ni, ọkọ̀ ńlá ló ń wà, ó ti dé Abidjan, ó máa ń lọ sí Bouaké dáadáa, ó ń sọ Jùlá, èdè wọn, bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ó gbọ́ ba tí mo fi ránṣẹ́, ó pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ní Jùlá ba ni ìyá. Ó ní ba náà ni odò. Ó ní ewúrẹ́ pàápàá, ba ni. Mo ní èwo wá ni? Ó ní ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á mọ èyí tí wọ́n ń wí, pé kí n dúró, tóun bá ti dé òun máa yà.

Ó yà. Ó jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó bá a sọ Jùlá, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú, ojú ẹ̀ là. Ó pẹ́ tí mi ò ti rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní ba, ba. Moubarak wò mí. Ó ní ẹ jẹ́ ká máa pe àwọn ìlú, tá a bá pe èyí tó jẹ́, kó gbọ́wọ́ sókè. Ó pe Abidjan. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wò ó. Ó pe Bobo. Kò ṣe nǹkan kan. Ó pe Bouaké. Ọwọ́ òsì gòkè, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ti pẹ́ lábẹ́ ẹrù, tí wọ́n wá bá a sọ̀ ọ́? Bó ṣe rí lára mi nìyẹn. Mo lọ sáàárín agbo ilé, mo sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ mi wà ní Bouaké. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí i. Géraud bá mi tẹ àwòrán Nàfí jáde, èyí tó ti wọ aṣọ ilé ìwé. Moubarak mú un lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà. Mò ń pè é láràárọ̀, ó ń ní òun ń wá a. Ó lọ sáàárín àwọn Nàgó, àwọn Yorùbá bíi tiwa, tó ń gbé níbẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn aránṣọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn Nàgó yẹn ò mọ Ràsákì. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó fi vocal ránṣẹ́ pé ìyá kan ní òun mọ ọmọ tó jọ bẹ́ẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ aránṣọ kan, pé òun Moubarak ti ya àwòrán ẹ̀, kí n wò ó. Àwòrán yẹn wọlé sórí fóònù mi, kò ṣí, mégà íńtánẹ́ẹ̀tì mi ti tán. Orí obìnrin kan ni mò ń rí bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan lábẹ́ omi, aṣọ pupa, apá tó tín-ín-rín. Mo sáré lọ ra mégà, mo ń sáré mo ń sọ fún àwọn tí mo bá lọ́nà pé wọ́n ti rí i. Ọmọbìnrin tó ń ta mégà ló bá mi ṣí i.

Kì í ṣe Nàfí. Ọmọ ẹlòmíràn ni. Ó ń wò mí látinú fóònù, kò rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè ẹ̀. Òun náà ní ìyá níbì kan, tí kì í ṣe èmi.

Mi ò gbà síbẹ̀. Mo ní Bouaké tóbi, mo ní bóyá ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀ ni. Géraud mú máàpù ilé ìwé ẹ̀ wá, a tún jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi, à ń pe ìlú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń gbọ́wọ́ sókè. Ó gbé e fún ọ̀kan, mo ní Géraud kọ ọ́. Ó gbé e fún èkejì. Ó gbé e fún Libreville tó jẹ́ pé òkun ló wà láàárín. Géraud ò kọ̀wé mọ́. Marie ti dé láti wo tension, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti pẹ́ tó ti ń wò wá.

Ó wá jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Papa, ṣé Ràsákì lorúkọ yín?"

Ọwọ́ òsì gòkè. Mo ní ṣé o rí i, ó ń gbọ́.

Marie tún bi í. Ó ní, "Papa, ṣé Marie lorúkọ yín?"

Ọwọ́ òsì gòkè.

"Ṣé ewúrẹ́ ni yín, Papa?"

Rachidatou rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ẹ̀rín máa jáde lẹ́nu òun. Ọwọ́ òsì gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, pẹ̀lú apá kan ẹnu ẹ̀ tó ṣì dára, ó wá wo ojú èmi, ó rí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀rín yẹn kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ba, ba, ba, ó ń fi ọwọ́ lu itan, ó ń sunkún bí ọmọdé tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí kò lè wí tẹnu ẹ̀.

Marie mú mi jáde sábẹ́ igi ọ̀pẹ. Ó ní, "Tata, ẹ má bínú. Ba yẹn kì í ṣe Fọ̀n, kì í ṣe Jùlá, kì í ṣe tèdè kankan. Òun ló kù lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ omi, òun ni wọ́n máa sọ. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ibi tí ọmọ yín wà, òun náà ni."

Mo ní ṣé ó ṣì mọ ibẹ̀ nínú ọkàn ẹ̀?

Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ̀ ọ́n."

Ìbá sàn tó bá ní rárá. Ẹ wò ó, tó bá jẹ́ pé ó ti gbàgbé ni, ǹ bá sọ pé ó ti lọ, ǹ bá jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà nínú orí yẹn, pẹ̀lú òpópónà, pẹ̀lú ilé, pẹ̀lú orúkọ ìyá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Mò ń fi omi wẹ orí yẹn láràárọ̀. Mò ń fi aṣọ nù ún.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń rí sọ́rọ̀ àwọn ọmọdé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gbà mí dáadáa, ó fún mi lága. Ó bi mí lórúkọ ọmọ, mo sọ ọ́. Ọjọ́ orí, mo sọ ọ́. Ó bi mí ní orílẹ̀-èdè tó wà, ìlú tó wà, orúkọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó kọ inconnu, ó kọ inconnu, ó tún kọ inconnu. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn kà, pé a ò mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn máa fi ìwé náà ránṣẹ́. Mi ò bi í pé síbo.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fò, mi ò ní fò ó. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, kókó wà lọ́wọ́ mi, ebi ń pa ẹ̀gbọ́n mi, ó ń na ọwọ́. Mo gbé abọ́ sẹ́yìn. Mo ní kò ní mu ún àfi tó bá sọ ibi tí ọmọ mi wà. Ó ní ba. Mo ní ìyẹn kọ́. Ó ní ba. Mo ń pariwo mọ́ ọn, mo ń fi ọmọ ìyá mi ṣe ẹlẹ́yà, kókó yẹn ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Rachidatou ti ẹ̀yìn gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ìgbà tó ní ahọ́n, ẹ ò bi í. Ìgbà tí kò ní mọ́ lẹ wá ń dá a lóró."

Ó jókòó, ó ń fún ọkọ ẹ̀ ní kókó, ó ń nù ún lẹ́nu. Mo dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú aṣọ, mo nu kókó tó dà sílẹ̀.

Kò ju oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí AVC mìíràn tún fi kọlù ú. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbé, kò tiẹ̀ sọ ba mọ́. Mo jókòó tì í, mò ń retí ba. Èmi tí mo ti kórìíra ẹ̀. Mo ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Èémí nìkan ló ń wọlé tó ń jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe kírun sùbúù tán, ó dákẹ́. Ní ọ̀sán, wọ́n ti sin ín.

Àwọn èèyàn pọ̀ tó wá kí wa. Wọ́n ní Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, wọ́n ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí àwa tó kù sí. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ní ṣé a ti ránṣẹ́ sáwọn tó jọ ń gbé lẹ́yìn odi, kí wọ́n mọ̀ pé ó ti kú. Rachidatou wò mí, mo wo Rachidatou. A ò mọ ẹni tá a máa ránṣẹ́ sí. Bàbá yẹn ní ha, kò dáa bẹ́ẹ̀ o, ó yẹ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà yẹn ló tó yé mi, ọwọ́ mi wà lókè, mi ò lè ṣe àmín. Nàfí ò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni báyìí, ibi yòówù kó wà. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ṣàìsàn, kò mọ̀ pé ó ti kú. Èèyàn kan ṣoṣo ló mọ ọ̀nà àtibẹ̀ débí, òun la sì bò mọ́lẹ̀ yìí. Tí wọ́n bá lù ú níbẹ̀, á sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n màmá òun ń bọ̀ wá mú òun. Tó bá di Iléyá, á wẹ̀, á wọ aṣọ tó dáa, á lọ dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n á pè é ní èdè tiwọn pé kó wọlé, á dá wọn lóhùn ní èdè tiwọn pé òun ń bọ̀, ẹ jẹ́ kóun dúró díẹ̀ sí i.